Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Lè Sọ Ọmọbìnrin Di Àgàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọjà Atàkúmọ̀sà ní Iléṣà níbí ni mo ti ń ta aṣọ, ọmọ ọdún 11 sì ni àkọ́bí mi, obìnrin ni. Wọ́n fún un ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Kí n tó fọwọ́ sí i ni ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ńṣe ni àwọn òyìnbó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ náà ba ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin wa jẹ́, kí iye wa lè dín kù. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, wọ́n sì ní ọmọ àwọn kò ní gbà á. Wọ́n tún bi mí ní ohun tí n kò lè dáhùn: kí ló dé tí ìjọba tí kì í fún wa ní Panadol lásán fi ń gbé abẹ́rẹ́ olówó gọbọi wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún wá jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n ń wá?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìsọ́nà, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá. Ìbéèrè ìyá ọkọ yín kì í ṣe ìbéèrè aláìmọ̀kan, n kò sì ní fojú yẹpẹrẹ wò ó. Ẹni tó ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn rí, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ sanwó káàdì, kó ra ìbọ̀wọ́, kó ra òwú àti abẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aláìsàn náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe kàyéfì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà bá gbé kúlà kọ́ èjìká wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé àwọn fẹ́ tọ́jú ọmọ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àìfọkàntán yìí ni àhesọ ń jẹ tó fi ń sanra.

Ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe pé kò sí ẹni tó sanwó. Ìjọba ń san nínú rẹ̀, àjọ Gavi tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2000 láti máa ran àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó lọ́wọ́ ń san nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí kì í ran ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, iye tí wọn yóò fi dènà rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí iye tí wọn yóò fi wo ẹni tó bá ti mú. Mo gbà pẹ̀lú màmá pé ó yẹ kí oògùn ibà àwọn ọmọ wa náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì yẹ kí a máa bá ìjọba sọ ọ́ láìdákẹ́. Àmọ́ ìyẹn kò ní kí a kọ èyí tí wọ́n gbé wá.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa jẹjẹrẹ náà, ìbálòpọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14, kí abẹ́rẹ́ náà lè wà lára wọn kí wọ́n tó mọ ọkùnrin. Ní ọdún 2020 nìkan, àwọn obìnrin tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà tó nǹkan bí 12,000, àwọn tó sì pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní abẹ́rẹ́ náà, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ní ti pé obìnrin nìkan ni, àwọn ni wọ́n ní ilé ọmọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ náà kò sì pọ̀ tó láti kárí gbogbo ayé. Ní Ọsirélíà, láti ọdún 2013 ni àwọn ọmọkùnrin náà ti ń gbà á. Láti ọdún 2007 ni àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ sì ti ń gbà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di abiyamọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú àwọn tó gbà á nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí dín kù ní ìwọ̀n 87 nínú 100. Apá lè dun ọmọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, ẹlòmíràn sì lè dákú fún ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí wọ́n mú un jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un tán.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe gbé àhesọ náà kalẹ̀. Kò sí ohun tí Yorùbá ń bẹ̀rù bí kí ọmọ ẹni yàgàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ohùn náà fọwọ́ kàn. Ó tún fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ibi tí ojú kò lè tó lónìí, nítorí pé ó di ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọmọ ọdún 11 tó máa wá ọmọ bí. Ta ni yóò wá a rí nígbà náà? Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Bí wọ́n bá ti lé ní 60 ọdún, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àpá róbótó kan lókè apá wọn, àpá abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀nná. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gún un fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní abúlé àti ìlú nílẹ̀ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1960, lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì bí ọkọ yín. Ọdún 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 1980 ni wọ́n sì kéde pé ó ti tán láyé. Ṣáájú ìgbà náà, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà, ti yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀ṣọ̀pọ̀nná ní Èkó, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Ọdún 1907 ni ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà.

N kò ní tàn yín pé kò sí ìwà ìkà kankan rí lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 11 kú nínú nǹkan bí 200 tó wà nínú ìdánwò náà. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà lọ́dún 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kano. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́dún 2003, nígbà tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀, tí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán oògùn lásán sẹ́nu ọmọ, ń sọni di àgàn, Kano dá a dúró, ó sì di ọdún 2004 kí wọ́n tó tún gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ jù. Nítorí ìdádúró yẹn, àrùn náà gba àríwá Nàìjíríà kọjá sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí dé Indonesia gan-an lọ́dún 2005. Àwọn ọmọ tó rọ nígbà náà ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ rìn nílẹ̀ títí di òní. Ìyá, ẹ fọwọ́ sí ìwé ọmọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi ti gbé ọmọ wa olóṣù mẹ́sàn-án lọ gba abẹ́rẹ́ éèyi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí wọ́n ní kó máa lọ, pé àwọn ọmọ tó wá kò tíì pọ̀ tó. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà ti bàjẹ́ ni wọn kò ṣe fẹ́ kí a rí i.
Bàbá ọmọ, Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan wà fún. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, lẹ́yìn èyí, dandan ni kó da èyí tó kù nù. Ẹ̀rù kí wọ́n má bi òun nípa abẹ́rẹ́ tó ṣòfò ni kò jẹ́ kó fẹ́ ṣí i fún ọmọ kan. Síbẹ̀, kò tọ̀nà, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣí i bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Ó ń dùn mí pé ìyá tí wọ́n bá dá padà báyìí ni wọn yóò tún máa bú lọ́la pé ó gba àhesọ gbọ́. Éèyi ń ràn ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ, ọmọ 95 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ kó tó lè dáwọ́ dúró láàárín ìlú. Iye ọmọ tó ń pa ní agbègbè Iléṣà pọ̀ débi pé Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild láti ọdún 1956, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ yìí níbẹ̀, kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i lọ́dún 1963.

Ní ti pé ó bàjẹ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò hàn yín kó tó pò ó. Àmì róbótó kan wà lára rẹ̀ tí igun mẹ́rin kékeré wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, ooru kò tíì ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti bára dọ́gba, tàbí tí ti àárín bá dúdú jù, ẹ má gbà á. Bí wọ́n bá tún ní kí ìyàwó yín máa lọ, kó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ìgò sára káàdì ọmọ, kí ẹ̀yin sì mú káàdì náà lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó àjẹsára ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ éèyi kejì ṣì ń bọ̀ nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 15.