Owó Onírin Àtijọ́ ní Ọjà Gbàǹjo: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú èyí tí ẹ kọ sí wa lórí owó onírin àtijọ́ àti bí wọ́n ṣe ń tà á ní gbàǹjo. Ti àkọ́kọ́ ni a ó dáhùn ní kíkún jù, nítorí pé irú agolo tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò níí ṣàìsí nílé ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí ìyá ìyá mi, tó ṣòwò aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, papò dà, a bá agolo kan tó kún fún owó onírin lábẹ́ ibùsùn wọn. Ihò wà láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, a sì rí ọdún 1936 àti orúkọ Ọba Edward Kẹjọ lára àwọn kan. Mo ti kà á pé ẹnì kan san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lórí owó wúrà ọba yìí kan náà. Ṣé ọlà ni ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún wa? Àbúrò ìyá mi ní kí n fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè dán kí n tó gbé wọn lọ sí gbàǹjo. — Òǹkàwé yín, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ wọ́n. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá yín, ṣùgbọ́n eérú a máa họ ojú owó, omi ọsàn a sì máa jẹ irin rẹ̀, ẹni tó mọ owó yóò sì rí i ní kété tó bá gbé e síwájú iná. Owó tí wọ́n ti fọ̀ kì í padà sí bó ti wà mọ́, iye rẹ̀ a sì já wálẹ̀ gidigidi, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹ sì máa di etí rẹ̀ mú dípò ojú rẹ̀.

Owó oníhò tí ẹ bá yìí ni àwọn tó ná an ń pè ní kọ́bọ̀, eépìnnì àti onínì. Onínì mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, eépìnnì méjì ló sì ń jẹ́ ẹ, kọ́bọ̀ méjìlá sì ni ṣílè kan. Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà ni wọ́n ṣe é fún nígbà tí gbogbo wọn wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí tí ti Edward Kẹjọ fi wà nínú agolo ìyá àgbà nìyí. Ọba George Karùn-ún wàjà ní oṣù Kìíní ọdún 1936, Edward ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè, ṣùgbọ́n kò pé ọdún kan tó fi kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya. Owó tó bá ní àwòrán orí ọba lára kì í yá ṣe: ayàwòrán ní láti ya orí náà, ọba ní láti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀. Edward fúnra rẹ̀ tún fa ọ̀rọ̀ náà gùn, nítorí pé àṣà wọn ni pé ọba tuntun kì í kọjú síbi tí ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀ kọjú sí, òun sì yarí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni òun yóò kọjú sí gẹ́gẹ́ bíi bàbá òun. Wọ́n fi ètò rẹ̀ sí ọdún 1937, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ kí ọdún náà tó dé. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi dán òǹtẹ̀ wò ló ṣẹ́ kù. Ọ̀kan lára àwọn wọ̀nyí ni owó wúrà tí ẹ kà nípa rẹ̀, èyí tí ẹnì kan rà ní ọdún 2020. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n ta èyí tó tóbi jù ú lọ, owó wúrà pọ́n-ùn márùn-ún ti ọba yìí kan náà, ní gbàǹjo kan ní Amẹ́ríkà, ó sì gba dọ́là mílíọ̀nù méjì ó lé (2,280,000).

Kọ́bọ̀ oníhò kò ní orí ọba lára, nítorí pé ihò ló wà níbi tí orí ì bá wà. Orúkọ àti adé nìkan ni wọ́n fi sí i, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà ní ojú kejì. Nítorí náà, bí orúkọ ọba ti yí padà ni wọ́n ti lè máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Birmingham (bí ẹ bá rí lẹ́tà H tàbí KN kékeré lára rẹ̀, Birmingham ló ti wá), wọ́n sì kó o wá sọ́dọ̀ wa kí àwọn ènìyàn máa ná an. Ó yà mí lẹ́nu gidi nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ọba tí ìjọba rẹ̀ kò gbé owó kankan jáde ní orúkọ rẹ̀ ní ìlú òun fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà. Nítorí pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pọ́n-ùn díẹ̀ ni owó Edward oníhò kan ń gbà, àfi èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rárá, tó ṣì ń kọ mànà bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí èyí tí àṣìṣe wà lára rẹ̀, bí ìgbà tí ihò rẹ̀ bá yẹ̀ kúrò láàárín.

Ẹ ṣì má tíì gbé agolo náà tì. Ẹ wò ó bóyá ṣílè, sísì tàbí tọ́rọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sì ka ọdún ara wọn. Láti ọdún 1913 ni wọ́n ti ń fi fàdákà gidi ṣe wọ́n fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú igi ọ̀pẹ ní ẹ̀yìn ṣílè, ṣùgbọ́n nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é láti ọdún 1920. Èyí tó jẹ́ fàdákà ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ kí ẹ sì fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ti àwọn oníhò yẹn, bí èmi bá ni yín, n kò níí tà wọ́n. Owó tí wọn yóò mú wá kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyá àgbà yín ló fi ọwọ́ ara wọn tò wọ́n sínú agolo.

Ìbéèrè: Ọ̀gá olóòtú, mo ní £500 tí mo fẹ́ fi ra owó fàdákà àtijọ́ kan ní gbàǹjo ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ó yẹ kí n mọ̀? — Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Iye tí òòlù onígbàǹjo bá kan lé lórí kọ́ ni iye tí ẹ ó san. Ilé gbàǹjo máa ń bu owó tirẹ̀ lé e, ó sì máa ń tó 20% tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba sì tún ń gba owó orí lórí èyí tí wọ́n bù lé e yìí. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 24%, owó tí òòlù kàn lé ní £400 yóò di £496 lọ́wọ́ yín, a kò sì tíì fi owó ìfiránṣẹ́, owó ìdójútòfò àti ti aṣọ́bodè kún un. Nítorí náà, bí £500 bá ni gbogbo ohun tí ẹ ní, ẹ má fi owó lé e kọjá £350, kí ẹ sì kọ iye yìí sílẹ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ẹlòmíràn bá ń fi owó lé ti yín, inú a máa ru, ọwọ́ a sì máa yá ju ọkàn lọ.

Ẹ wo iye tí irú owó náà ti tà ní gbàǹjo tó ti kọjá, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ń fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí wọ́n kọ sí ìdí owó nínú ìwé àkójọ ọjà wọn kò ju ìméfò lọ. Bí owó náà bá wà nínú páálí oníke tí wọ́n ti dí pa, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò tó sì dí i: PCGS, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, àti NGC, tó tẹ̀lé e ní 1987, ni àwọn oníṣòwò fọkàn tán jù. Wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n láti 1 dé 70 sọ bí ipò tí owó náà wà ti dára tó. Ẹ tẹ nọ́ńbà ara páálí náà sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó dí i, kí ẹ rí i pé àwòrán tó wà níbẹ̀ bá owó yín mu, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ayédèrú páálí pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹnì kan tí a pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi owó wúrà ilẹ̀ Róòmù ìgbàanì kan ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n sanwó bó bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó wù mí púpọ̀, ó sì jọ ojúlówó. Ó ní ogún ìdílé òun ni, ṣùgbọ́n kò ní ìwé kankan. Ṣé kí n rà á? — Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ìwé tó ń sọ ibi tó ti wá ni iye rẹ̀ dá lé.

Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Krístì, Brutus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa Julius Caesar, olórí Róòmù, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Nígbà tó yá, tí Brutus ń kó ọmọ ogun jọ, ó tẹ owó tó ní orí ara rẹ̀ ní ojú kan, ó sì fi ọ̀bẹ méjì àti fìlà tí wọ́n ń dé fún ẹrú tó bá gba òmìnira sí ojú kejì, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n pa Caesar. Mẹ́ta péré ni àwọn onímọ̀ mọ̀ nínú èyí tó jẹ́ wúrà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba £3.24 mílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ojúlówó tàbí ayédèrú kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní New York wádìí ìtàn tí wọ́n fi tà á, wọ́n sì rí i pé irọ́ ni ìwé tó sọ ibi tó ti wá. Wọ́n gbà á, wọ́n sì dá a padà fún ìjọba Gíríìsì ní oṣù Kẹta ọdún 2023.

Ẹ wá wo ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1933, wọ́n tẹ owó wúrà ogún dọ́là tó lé ní 400,000, ṣùgbọ́n nítorí pé Ààrẹ Roosevelt ti ní kí wọ́n dá wúrà dúró lọ́wọ́ ará ìlú, wọn kò ná an, wọ́n yọ́ ọ padà. Wọ́n jí díẹ̀ gbé jáde nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn dé ọwọ́ Farouk, ọba Íjíbítì, àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà sì ṣèèṣì fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1944 láti gbé e kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo yìí ni àwọn agbẹjọ́rò dì mú nígbà tí owó náà tún yọjú ní 1996, tí ìjọba sì fi gbà kí wọ́n tà á. Wọ́n tà á ní 2002 ní dọ́là mílíọ̀nù méje ààbọ̀ ó lé díẹ̀, wọ́n sì tún tà á ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ní dọ́là mílíọ̀nù 18.9. Mẹ́wàá mìíràn tí ìdílé kan ní Philadelphia mú jáde, tí òǹtẹ̀ kan náà tẹ̀, kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá wọn fún ìjọba.

Ẹ bi ẹni yìí léèrè ọdún tí owó náà kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i, ẹni tó tà á fún ìdílé rẹ̀, àti ìwé àkójọ gbàǹjo èyíkéyìí tí àwòrán rẹ̀ ti jáde rí. Bí kò bá lè fi ọ̀kan hàn yín, ẹ dá a padà fún un lọ́nà tí ẹ ó fi ní ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó lọ́wọ́ yín.