Kristẹni mélòó ló wà ní Ṣáínà gan-an? Èwo ni kí n kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Próójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ẹ̀sìn Kristẹni ní Ṣáínà, àmọ́ iye wọn ò bára mu rárá. Ibì kan ní 20 mílíọ̀nù, ibòmíì ní 44, ibòmíì tún ní 67. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n mú ẹyọ kan. Èwo nirọ́, èwo ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí irọ́ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kà á ló yàtọ̀. Rọra ṣàlàyé fún súpáfáísọ̀ ẹ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo máa kọ.

20 yẹn wá látinú CGSS (Chinese General Social Survey), ìwádìí nípa ìgbésí ayé àwọn ará Ṣáínà tí Renmin University ní Beijing ń ṣe láti 2003. Wọ́n máa ń lọ bá èèyàn nílé ni, wọ́n á béèrè ọjọ́ orí, iṣẹ́, iye tó ń wọlé, wọ́n á wá kan ẹ̀sìn. Ní 2018, nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ló ní Kristẹni làwọn, ìyẹn nǹkan bí 20 mílíọ̀nù. Kò sọ́mọdé níbẹ̀ o. Tún rò ó wò ná, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba lé ní 90 mílíọ̀nù, ẹgbẹ́ ò sì gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn kankan, kí àlejò tóò mọ̀ rí wá jókòó sí pálọ̀ ẹ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kó máa bi ẹ́ léèrè ẹ̀sìn, ṣé wàá jẹ́wọ́? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

44 ti ìjọba ni, 2018 náà ni: 38 mílíọ̀nù Protestant, 6 mílíọ̀nù Kátólíìkì (ẹ̀sìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí lọ́hùn-ún, ìwọ lo máa rò ó pọ̀). Ní 1997, 10 mílíọ̀nù péré ni ìjọba kan náà pe àwọn Protestant.

67 ni Pew, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ṣírò fún 2010, torí wọ́n ka ìjọ inú ilé tí ò forúkọ sílẹ̀ mọ́ ọn. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fenggang Yang, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Purdue University ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 2006 pé ọjà mẹ́ta ni ẹ̀sìn ní Ṣáínà: pupa ni èyí tíjọba fọwọ́ sí, dúdú ni èyí tí wọ́n fòfin dè, eérú ni èyí tó wà láàárín, tẹ́nikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òfin gbà tàbí kò gbà. Eérú yìí ni ò ṣeé kà. Ní December 2018 ìjọba ti Early Rain, ìjọ inú ilé kan tí ò forúkọ sílẹ̀, pa nílùú Chengdu, wọ́n mú pásítọ̀ wọn, Wang Yi, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 9. Nítorí náà tóo bá rí ìwádìí tuntun tó ní wọ́n ti ń dín kù, má tètè kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ ló ń kú, ẹnu lè ti máa wúwo ni.

Kọ iye, kọ ọdún, kọ ẹni tó ṣe ìkànìyàn náà àti irú àwọn èèyàn tó kà mọ́ ọn, ó tán. Jọ̀ọ́, má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi WeChat (áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn ní Ṣáínà) bi ará ìjọ inú ilé kankan léèrè, àwọn aláṣẹ ń ríbẹ̀, wàhálà ẹ̀ á bọ́ sí wọn lọ́rùn nígbà tíwọ wà nílé ẹ. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà tó ti gbé Guangzhou tó sì ń lọ sí Sacred Heart Cathedral lo rí, bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ abẹ́ orí tó dá lórí àwọn àjòjì ni kóo kọ ọ́ sí, òfin tiwọn yàtọ̀ pátápátá.