Ṣé dandan ni kí ilé-iṣẹ́ sọ fún mi tí wọ́n bá jí ìsọfúnni mi lọ́wọ́ wọn?

Dandan ni lọ́pọ̀ ibi, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ní Yúróòpù, òfin GDPR tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń ṣọ́ òfin náà létí, láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀. Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: àjọ ni wákàtí 72 yẹn wà fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ìgbà tí ewu rẹ̀ bá pọ̀ fún yín ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín, láìfi falẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi kọ́ọ̀dù bo ìsọfúnni náà tí olè ò lè kà á, wọ́n lè má sọ rárá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” nìkan ò tó. Lẹ́tà wọn ní láti sọ, lédè tó yéni, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ, ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, àti ẹni tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí èyí. California ló ṣíwájú, ní 2003. Alabama ló gbẹ̀yìn, ní 2018. Fún àkọsílẹ̀ ìlera, òfin HIPAA ti ìjọba àpapọ̀ ní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 60 tí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ fún yín. Bó bá kan èèyàn tó lé ní 500 ní ìpínlẹ̀ kan, àwọn oníròyìn náà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹ má ṣáà tẹ líǹkì inú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, torí àwọn gbájúẹ̀ náà máa ń kọ ọ́. Ẹ fúnra yín lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà.