Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè, ẹ kú oríire pé àbúrò yín padà wálé láàyè. Ẹ ní ó lo ọdún méjì lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, ó gbé ọmọ ọwọ́ dé, àwọn alàgbà ẹ̀sìn yín wá ní àfi kó dúró níwájú ìjọ fún ètò ìwẹ̀nùmọ́ kó tó lè bá àwọn obìnrin yòókù jókòó. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ gbà, kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán.

Ẹ má gbà. Kò ní tán, ibẹ̀ gan-an ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti mú ènìyàn dúró síwájú, tí wọ́n ní "a ti dárí jì í", gbogbo ẹni tó wà níjòókòó ti gbọ́ pé ó ṣẹ̀. Ta ló ń ní kí ẹni tí olè jà wá tọrọ àforíjì? Láti ọjọ́ náà lọ, "ẹni tí wọ́n wẹ̀" ni yóò máa jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

N kò sọ pé ètò ẹ̀sìn burú o. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí ISIS kọ lu Sinjar ní orílẹ̀-èdè Iraq ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, tí wọ́n sì kó àwọn obìnrin Yazidi, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn kékeré kan níbẹ̀, lẹ́rú, olórí ẹ̀sìn wọn, Baba Sheikh Khurto Hajji Ismail, kéde pé ọmọ ìjọ ni wọ́n ṣì jẹ́, kí ilé gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀sìn yẹn kì í gba ẹni tó bá bá ẹlẹ́sìn mìíràn lò padà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá ń fi omi orísun Lalish, ibi mímọ́ wọn, ṣe ìrìbọmi fún àwọn tó ń dé. Ìkéde ló ṣáájú omi.

Nítorí náà, àlùfáà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ní ilé rẹ̀, kì í ṣe níbi ìjọsìn. Kí ẹ má ju méjì lọ: ẹ̀yin àti àgbàlagbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ má mú àbúrò yín dání. Ìwé mímọ́ ni kí ẹ bá a sọ, torí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í wọ̀ wọ́n létí níbẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ Kristẹni, Deutarónómì 22:25-27 ni: obìnrin tí wọ́n fi agbára mú nínú oko, ẹ má ṣe ohunkóhun sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n dìde sí tí wọ́n pa. Alàgbà tó mọ Bíbélì lè yára tọ́ka sí ẹsẹ 23 àti 24, ti ọmọbìnrin inú ìlú tí kò ké. Ẹ ti múra sílẹ̀ fún un: igbó àwọn ajínigbé ni oko, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ tún ka Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní 30, níbi tí Dáfídì ti gba àwọn ìyàwó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ará Amaleki, tí kò sì sí ìwẹ̀nùmọ́ kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, Súrà An-Nur 24:33 sọ ti àwọn obìnrin tí wọ́n fi ipá mú, pé Ọlọ́run jẹ́ aláforíjì àti aláàánú sí wọn. An-Nahl 16:106 sì yọ ẹni tí wọ́n fipá mú sọ ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́ kúrò nínú ẹ̀bi, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì dúró lórí ìgbàgbọ́.

Gbólóhùn mẹ́ta ni kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀: pé ẹni tí wọ́n jí gbé kò ṣẹ̀, pé ẹni tó bá fi í ṣe ẹlẹ́yà ló ṣẹ̀, pé ọmọ kì í jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó sì tún un sọ ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Ẹ wá lọ bá olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀; ọ̀dọ̀ wọn ni òfófó ń gbé. Bí àlùfáà bá kọ̀, ẹ má bá a jà ní gbangba. Ẹ wá ẹni tó jù ú lọ nínú ẹ̀sìn kan náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í yà sọ́tọ̀. Ìtìjú nìkan kọ́ ló ń lé àwọn tó padà dé, ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oògùn méjèèjì kò sì pa pọ̀. Ní Borno, Boko Haram ti di bọ́ǹbù mọ́ àwọn ọmọbìnrin lára, nítorí náà àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù lóòótọ́. Ìwádìí tí UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lágbàáyé, àti àjọ International Alert gbé jáde ní 2016 fi hàn pé wọ́n ń pe àwọn tó padà dé ní "annoba", ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn lédè Hausa, wọ́n sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ọmọ á máa ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Ìwàásù kò lè lé ẹ̀rù lọ. Kí aláṣẹ ààbò tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bá àwọn olórí àdúgbò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nínú ilé, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa dá àlejò lóhùn: "Ó ti dé, a dúpẹ́, ó ń sinmi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rí jíjẹ́ níwájú ìjọ, kò sí fọ́tò lórí Facebook. Ife àti abọ́ kan náà ni gbogbo ilé ń lò, àwọn ọmọdé ń wò yín. Ẹ má sì yára wá ọkọ fún un láti bo ìtìjú. Ìgbà tí ilé bá ti le jù ni àwọn kan ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó jí wọn gbé. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Borno.

Ilé ìwòsàn: ẹ lọ síbi tí ẹni tó ń kọ káàdì kò ti mọ̀ yín. Àyẹ̀wò HIV, àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B (hepatitis B) àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis) ni kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n tún ti HIV ṣe bí oṣù mẹ́ta bá pé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fipá bá a lò gbẹ̀yìn. (Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tí wọ́n fipá bá a lò gbẹ̀yìn, láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV, ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó; ọjọ́ 5 ló ní fún oògùn tó ń dènà oyún.) Bí ìtọ̀ bá ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ìbímọ, fístúlà, ìyẹn ihò tó lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, lè ni, kì í ṣe èpè. Iṣẹ́ abẹ ń wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ ọkùnrin, ẹ kọ̀. Láti 2018 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé àyẹ̀wò yẹn kò ní ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan, kí wọ́n fòfin dè é.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló le jù. Àwọn Yazidi pàápàá kọsẹ̀ síbẹ̀: ní oṣù Kẹrin 2019, ìgbìmọ̀ ẹ̀sìn wọn kéde pé wọ́n gba gbogbo àwọn tó yè padà, kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n tún fi sọ pé àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ ISIS kò sí níbẹ̀. Àwọn ìyá kan fi ọmọ sílẹ̀, àwọn kan kò padà sílé mọ́. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má fi ọmọ dúnàádúrà nínú ilé yín, kódà nínú àwàdà. Ẹ gba ìwé ìbí rẹ̀ kíákíá. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, ẹ fi orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ sí i. Kí àgbàlagbà ilé gbé e lọ síbi ìjọsìn lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i.

Tí wọ́n bá ti mú ọjọ́ fún ètò ìwẹ̀nùmọ́ náà, ẹ ní ara rẹ̀ kò tíì yá, kí wọ́n sún un síwájú. Òótọ́ sì ni. Kí ẹ ti rí àlùfáà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.