Ìbéèrè Òǹkàwé: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti máa ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá fún wa láti tẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń lò jù ti ń kú fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí yóò sì tún tan ara rẹ̀ padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kì í kọ ohunkóhun sójú kó tó kú. Ọ̀sán ló ń ṣe é jù, pàápàá nígbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀ tí a sì ń tẹ ìwé jáde. Oníṣẹ́ tó ń bá wa tún un ṣe ti fọ́ọ́màtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní Windows 10 orí rẹ̀ ló ti gbó, ó sì ti ń sọ pé kí n ra òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ìwé mọ́kànlélógún nínú iṣẹ́ ọmọ kan bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ìyá Onítẹ̀wé, Agbowó, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tó bá ọ̀ràn yìí lọ dùn wá gan-an, nítorí ẹni tó ti jókòó tẹ̀wé di ọ̀gànjọ́ ló mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọ́ọ́màtì èyí tí ẹ ní. Inú lẹ́tà yín gan-an ni ìdí rẹ̀ wà: wọ́n ti nu Windows kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, síbẹ̀ àìsàn náà kò yí padà rárá. Bí ó bá jẹ́ pé inú Windows ni àrùn náà wà, ó yẹ kó ti lọ nígbà àkọ́kọ́, tàbí kó tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òótọ́ ni pé Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, ó sì yẹ kí ẹ ronú sí i nítorí ààbò iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pa ẹ̀rọ lójijì lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà kú ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Èyí tí ojú rẹ̀ di búlúù, tó sì kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ti rí àṣìṣe kan nínú ara rẹ̀ kó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), dírafà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ẹ̀rọ kan) tàbí háàdì dísìkì ló sì sábà ń fà á. Èyí tó kú láìsọ nǹkan kan, bíi tiyín, iná ni kì í sábà tó o, tàbí kí ooru ti pọ̀ jù fún un.

Kó má baà jẹ́ pé àròsọ lásán ni à ń ṣe, ẹ bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R papọ̀, ẹ kọ eventvwr.msc sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Enter. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ wọ System. Ní déédéé àkókò tí ẹ̀rọ náà tan padà, ẹ ó rí ìlà kan tí a kọ Kernel-Power sí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 41. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí ìlà yìí, wọ́n á sì rò pé àwọn ti rí ọ̀daràn náà mú, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà tún tàn láìjẹ́ pé a ti pa á bó ṣe yẹ. Ẹ ṣí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo BugcheckCode, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí Windows rí, ní apá Details. Bí ó bá jẹ́ 0, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ àṣìṣe kankan ṣáájú rẹ̀, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé iná já mọ́ Windows lára kó tó rí àyè sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí ẹ máa kọ aago tó kú, iná tí ẹ ń lò nígbà náà, yálà ti ìjọba ni tàbí ti jẹnẹrétọ̀, àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré tó.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ojú wa kò kúrò lára rẹ̀: ẹ ní ó ń kú nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ tí ẹ sì ń tẹ ìwé jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ní ibì kan nínú tó máa ń gbóná gan-an, òun ló ń yọ́ tónà (ẹ̀tù ìtẹ̀wé) mọ́ ara ìwé, ìgbàkúùgbà tó bá sì fẹ́ gbóná ló máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kéré, fóltéèjì gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo gílóòbù yín dáadáa bí fọ́tòkọ́pì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń rí náà nìyẹn. Páwá páàkì, àpótí inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iná fún un, lè di iná mú díẹ̀ bí iná bá já, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kéré púpọ̀: bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bíi 17 nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti fara dà, kò sì tó ìgbì iná kan ṣoṣo, nítorí 50 ìgbì ni iná tiwa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kapásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́) inú páwá páàkì bá ti gbó, bí ó ti sábà ń rí nínú ẹ̀rọ tòkúnbọ̀, kò ní lè dúró tó ìyẹn pàápàá.

Nítorí náà, ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì kúrò lórí ẹkisténṣọ̀n tí kọ̀ǹpútà wà, kí ẹ sì fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nìkan fún ọjọ́ méjì láìtan àwọn méjèèjì rárá. Bí kò bá kú, ẹ ti mọ̀. UPS (àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà bí iná bá já) tó dára, tí kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀, ni kí ẹ rà. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà sórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ní UPS tẹ́lẹ̀, ẹ pa gbogbo iṣẹ́ tó ṣí dé, kí ẹ fa UPS náà yọ lára ògiri. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójú kan náà, bátìrì UPS ti kú, kò sì yàtọ̀ sí ẹkisténṣọ̀n lásán.

Bí ó bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ yá páwá páàkì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó ra tuntun, tàbí kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi mítà wọn iná rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́: wáyà pupa rúsúrúsú (yẹ́lò) gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6 fóltì, wáyà pupa sì láàárín 4.75 sí 5.25. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣí páwá páàkì fúnra rẹ̀. Iná tó lè pa ènìyàn máa ń wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára iná.

Ní ti ooru, eruku ọyẹ́ àti ti ẹ̀bá títì tó wọ inú fáànù ló máa ń dá a sílẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ fi ìka di apá fáànù mú kí ẹ tó fi blówà fẹ́ eruku kúrò. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ìpara tí wọ́n ń pè ní thermal paste, tó wà láàárín prosẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti irin tó ń gba ooru rẹ̀, ti lè gbẹ. Kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nínú gbogbo èyí, ẹ ṣí Word lónìí, ẹ wọ File, Options, Save. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni ó máa ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí a kò bá yí i padà. Ẹ sọ ọ́ di méjì, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀dà iṣẹ́ sórí fláàṣì bí ẹ bá ti parí orí kan.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Mọ́kọ́lá. Láti ìgbà tí mo ti fi RAM kejì kún kọ̀ǹpútà mi ni ojú rẹ̀ ti ń di búlúù, tó ń kọ MEMORY_MANAGEMENT. Ṣé mo ti ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá olùkọ́; kò dà bí ẹni pé ẹ ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ yọ RAM tuntun náà kúrò, kí ẹ lo ti àtijọ́ nìkan fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí búlúù náà kò bá padà, ẹ fi tuntun náà nìkan síbẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fi írésà pẹ́ńsù rọra nu ẹnu rẹ̀ tó ń dán, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wọlé títí tí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi ró. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú ihò kìíní àti nínú ihò kejì, nítorí ìgbà mìíràn wà tí RAM dára tó jẹ́ pé ihò ló ní àbùkù. Ẹ kọ mdsched.exe sínú àpótí Windows àti R, yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ń fara pamọ́ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ gbé MemTest86, ètò mìíràn tó ń yẹ RAM wò, sórí fláàṣì, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì, ní alẹ́ tí iná bá dúró ṣinṣin. Àṣìṣe ẹyọ kan péré tó láti dá RAM náà padà fún ẹni tó tà á, nítorí náà ẹ ya àwòrán ohun tó kọ sójú kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì mú rìsíìtì yín dání.