Ṣé Kí N Gé Ọjọ́ Orí Mi Kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Ọdún 19 ni mo fi tọ́jú database (àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà) ilé iṣẹ́ kan kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Gbogbo ìpolówó iṣẹ́ tí mo ń rí ní Yaba, "kò gbọdọ̀ ju 30 lọ" ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n gé ọdún mẹ́wàá kúrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Bàbá Ìbejì, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ṣe é. Ọjọ́ ìbí rẹ ti wà lára NIN àti BVN. Ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ náà á sọ̀rọ̀: ṣé ọmọ ọdún méje lo fi jókòó ìdánwò ni? Tó o bá sì gé mẹ́wàá náà, 37 ló kù. Ẹni tó ń wá ọmọ 30 ò ní gbà ọ́ síbẹ̀.

Ìrẹ́jẹ ni wọ́n ń ṣe fún ọ, ó sì ń bí mi nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1967 ni wọ́n ti ṣòfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó ti pé 40. Abala 42 ìwé òfin tiwa, ti 1999, dárúkọ ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ọkùnrin àti obìnrin. Kò dárúkọ ọjọ́ orí.

Nígbà kan rí, COBOL, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mò ń kọ ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street. Ọdún kan náà, 1959, ni èmi àti COBOL dáyé, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn báńkì kan lónìí. Ní alẹ́ 31 oṣù Kejìlá 1999, ọ́fíìsì la sùn, torí nọ́ńbà méjì péré ni àwọn ètò àtijọ́ fi ń kọ ọdún, ẹ̀rù sì ń bà wá pé wọ́n á ka 00 sí 1900. Ilẹ̀ mọ́, nǹkan kan ò ṣe. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀gá ní àwọn ọmọdé lòun ń fẹ́. Àgùnbánirọ̀ kan ló kọ́ mi ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá database sọ̀rọ̀. Móínmóín ni mò ń gbé wá fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ojú kọ́kọ́ tì mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í fi mí ṣẹ̀sín, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe" ló máa ń wí. Wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Yaba, kó kọ́ ọ ní cloud, ìyẹn lílo kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Má wulẹ̀ kọ "ìrírí ọdún 19" sínú CV. Kọ ọjọ́ tí database dẹnu kọlẹ̀: kí ló sọnù, wákàtí mélòó lo fi gbà á padà, ta ló ń sunkún lórí fóònù. Ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àkọsílẹ̀ wọn ti dàrú ni kó o gbé e lọ bá, kì í ṣe àwọn oníìpolówó yẹn. Kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kí n kọ́kọ́ kà á.