Fíìmù Àwàdà Tó Ń Fi Àwọn Olórí Ayé Ṣe Yẹ̀yẹ́: Ṣé Ọmọ Mùsùlùmí Lè Wò Ó?

Ìbéèrè

As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ. Fíìmù àwàdà kan wà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń sọ. Àwọn ààrẹ àti olórí ìjọba lóríṣiríṣi ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀. Wọ́n kóra jọ sí ìpàdé, wọ́n ń jìjàdù àga bí ọmọdé. Ọ̀kan ń kólòlò, ọ̀kan kò kúrò nídìí dígí nígbà tí ìlú rẹ̀ ń jó. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti wò ó nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 8, kò tíì wò ó, ṣùgbọ́n ó ti ń sín olórí tó ń kólòlò yẹn jẹ kiri ilé. Bàbá wọn ní eré lásán ni, ó ní ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n tètè mọ̀ pé olórí náà lè ṣìṣe. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ṣé hàrámù ni? Wọ́n sì ti pe àbúrò yìí síbi tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti fẹ́ jọ wò ó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullaah, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ náà dàgbà sínú ẹ̀sìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Fíìmù kì í di hàrámù torí pé ó fi ìwà burúkú àwọn aláṣẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í ṣe eré ọmọ ọdún 8. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá lórí ohun tó wà nínú fíìmù náà gan-an, àti lórí ẹni tó jókòó tì í nígbà tó ń wò ó.

Ẹ̀sìn wa kò kórìíra ẹ̀rín. Ọkùnrin kan wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kó fún òun ní ẹran tí òun máa gùn. Ó dá a lóhùn pé, "Ọmọ abo ràkúnmí la máa gbé ọ gùn." Ọkùnrin náà ní kí lòun fẹ́ fi ọmọ ràkúnmí ṣe. Ànábì ní, "Ràkúnmí wo ló wà tí kì í ṣe abo ràkúnmí ló bí i?" Abu Daud àti Tirmidhi, tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì gbé. Ẹ wo àwàdà yẹn dáadáa: kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìtìjú bá níbẹ̀. Nígbà tí àwọn sàhábé bi í pé ṣé òun náà ń bá àwọn ṣẹ̀fẹ̀ ni, ó ní òdodo nìkan lòun ń sọ. Òun kan náà ló sọ pé ègbé ni fún ẹni tó ń purọ́ kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, ó sì tún ègbé náà wí léraléra.

Ti fífi ọ̀rọ̀ gún àwọn alágbára lára, òun náà ní ìpìlẹ̀. Àwọn akéwì Kùráíṣì, ìyẹn ẹ̀yà Ànábì fúnra rẹ̀ ní Mẹ́kà, ń kéwì bú u, ó sì ní kí Hassan ọmọ Thabit, akéwì tirẹ̀, dá wọn lóhùn, ó sọ fún un pé Malaika Jibril wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hassan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ànábì bi í pé: ìran tèmi ńkọ́? Torí Kùráíṣì lòun náà. Hassan ní òun máa yọ ọ́ kúrò láàárín wọn bí wọ́n ṣe ń fa irun yọ nínú ìyẹ̀fun pípò. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ìṣọ́ra tó wà nínú hádíìsì yìí ló ń jọ mí lójú. Ọ̀tá paraku ni wọ́n, síbẹ̀ ewì náà kò gbọdọ̀ ba ẹni tí kò ṣẹ̀.

Al-Kùránì pàápàá fi ìgbéraga Fir'aona (Fáráò), ọba Íjíbítì, hàn wá títí a fi rí bí ó ti gọ̀ tó. Ó ní òun ni olúwa wọn tó ga jùlọ (An-Naazi'aat, áyà 24). Ó ní kí Haman, ìjòyè rẹ̀, mọ ilé gogoro fún òun kí òun lè lọ yọjú wo Ọlọ́hun Musa (Al-Qasas, áyà 38). Ó fi àwọn odò tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ yangàn (Az-Zukhruf, áyà 51), omi ló sì padà gbẹ̀mí rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Kò síbi tí Kùránì ti fi ojú rẹ̀ tàbí ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ka gbogbo ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn: ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí Ọlọ́hun fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́ (At-Tahriim, áyà 11).

Ìyá wa, ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni kólòlò tí ọmọ yín ń sín jẹ. Ànábì Musa bẹ Ọlọ́hun pé kó tú kókó orí ahọ́n òun kí wọ́n lè gbọ́ òun yé (Taa Haa, áyà 27 àti 28). Nígbà tó dé iwájú Fir'aona, kí ni ọba yẹn rí sọ sí i? Bó ṣe yangàn odò tán báyìí, áyà tó tẹ̀ lé e gan-an ló ti bi àwọn èèyàn rẹ̀ pé, ṣé òun kò sàn ju ẹni yẹpẹrẹ tí ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀ yìí? Yẹ̀yẹ́ Fir'aona ni yẹ̀yẹ́ kólòlò. Ẹni tó ṣe fíìmù náà lè sọ pé òun ń bá aláṣẹ búburú jà, àmọ́ ohun tó dé ẹnu ọmọ yín kì í ṣe ìwà búburú aláṣẹ kankan. Bí ọmọ kan tó ń kólòlò bá wà ní kíláàsì rẹ̀, orí onítọ̀hún ló máa balẹ̀ sí. Ọlọ́hun ní kí àwọn ìjọ kan má ṣe fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó lè jẹ́ àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló lóore jù wọ́n lọ (Al-Hujuraat, áyà 11).

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orílẹ̀-èdè. Nínú irú àwọn fíìmù yìí, olórí kan lè dúró fún gbogbo èèyàn rẹ̀: ohùn wọn, àwọ̀ wọn, aṣọ wọn, oúnjẹ wọn. Àgbàlagbà tó ti bá èèyàn ibẹ̀ pàdé mọ̀ pé àsọdùn ni. Ọmọ tí kò rí ará orílẹ̀-èdè yẹn rí láyé rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ níbẹ̀ ni ẹni yẹ̀yẹ́ yẹn.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ní ọdún 1940, Charlie Chaplin, òṣèré aláwàdà, ṣe fíìmù kan láti fi Hitler, apàṣẹwàá Jámánì, ṣe ẹlẹ́yà, ó sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí apàṣẹwàá náà ti ń fi bálúùn tí wọ́n ya àwòrán ayé sí lára jó, ó ń gbé e sókè, ó ń gbá a, títí ó fi bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó mọ ogun tó ń jà nígbà yẹn máa rí ọkàn tó fẹ́ gba gbogbo ayé, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ọmọ ọdún 8 máa rí bàbá kan tó ń fi bálúùn ṣeré. Yẹ̀yẹ́ irú èyí wà fún ẹni tó ti mọ ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí, ọmọ yín kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Èébú àti ìsínjẹ ló máa kó bọ̀ nílé.

Ẹ má gbára lé àmì ọjọ́ orí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíìmù nìkan. Ní Amẹ́ríkà, PG-13 ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. R ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú òbí tàbí alágbàtọ́. Ó wúlò, torí wọ́n ń wo ìjà, ìhòòhò, èébú àti oògùn olóró. Ṣùgbọ́n wọn kò bá wa wo bóyá wọ́n fi ìrun kíkí tàbí orúkọ Ọlọ́hun ṣẹ̀fẹ̀. Èyí kò ní àdéhùn kankan: bí wọ́n bá ń fi àwọn áyà Ọlọ́hun ṣe yẹ̀yẹ́, Ó ní kí á má bá wọn jókòó títí wọn yóò fi bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn (An-Nisaa, áyà 140). Ẹ pa á ni, ìbáà jẹ́ àgbàlagbà ló ń wò ó.

Ẹ tún wò ó bóyá olórí tó wà láàyè ni wọ́n dárúkọ tàbí ẹni tí wọ́n fọkàn dá. Bí wọ́n bá mú ẹni gidi, tí wọ́n sì hun ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá mọ́ ọn lọ́rùn, irọ́ pípa mọ́ni ni. Ànábì sọ nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá pé bí ohun tí ẹ ń sọ bá wà lára ẹni náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. Bí kò bá sí, irọ́ lẹ pa mọ́ ọn.

Òótọ́ wà lẹ́nu bàbá wọn, ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ànábì sọ pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ níwájú aláṣẹ alábòsí wà lára jíháàdì tó lọ́lá jùlọ. Ọmọ tó bá dàgbà tán tó ń rò pé olórí kì í ṣìṣe, a ò tọ́ ọ dáadáa. Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ní lọ́kàn. Kí bàbá wọn fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Musa àti Fir'aona fún ọmọ ọdún 8 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo ohun tó fẹ́ kí ó mọ̀ wà níbẹ̀, títí kan pé Ọlọ́hun ní kí Musa àti Harun bá ọba tó burú tó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ (Taa Haa, áyà 44). Bí ó bá dé ibi kólòlò, kó rọra bi í pé ta ló jọ nígbà tó ń sín olórí yẹn jẹ. Ẹ má nà án, ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Kò mọ̀ ni.

Ní ti ẹni ọdún 13, ó ti wò ó ná. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ wo fíìmù náà láìsí àwọn ọmọ. Bí kò bá sí ìhòòhò tàbí yẹ̀yẹ́ ẹ̀sìn níbẹ̀, ẹ pè é kí ẹ jọ tún un wò, kí ẹ máa dá a dúró níbi tó bá ti rẹ́rìn-ín, kí ẹ bi í pé: kí ni ẹni yìí ṣe? Bí ó bá dáhùn pé ó purọ́ fún àwọn ará ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé e. Bí ó bá ní ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ̀n, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá sì bá ìhòòhò tàbí yẹ̀yẹ́ ẹ̀sìn nínú rẹ̀, ẹ má tún un wò mọ́. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ti ìpè tí wọ́n pe àbúrò, ẹ tètè bá ìyá ọmọ tó pè é sọ̀rọ̀, kí ẹ bi í bóyá wọ́n lè fi fíìmù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá gbà, ó parí. Bí kò bá gbà, kí ọmọ náà lọ bá wọn ṣeré, kí ẹ lọ mú un kí wọ́n tó tan fíìmù náà. Kí bàbá rẹ̀ ló sọ fún un ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí ó má dà bíi pé ìyá nìkan ló ń dí i lọ́wọ́.

Ọlọ́hun ni Onímọ̀ jùlọ.